Kí ẹ tó se oúnjẹ inú fídíò fún ọmọ

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọ̀rọ̀ àwọn fídíò oúnjẹ ọmọ tó kún orí TikTok àti Instagram ni mo bá wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oyin. Wọ́n á po ògì fún ọmọ oṣù 6, wọ́n á da oyin sí i dípò ṣúgà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin rárá, ìbáà ṣe ẹnu ṣíbí kan. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ń tú májèlé sínú ìfun ọmọ. Ara ọmọ á rọ jọwọrọ, kò ní lè fa ọmú dáadáa mọ́, ó tilẹ̀ lè máa mí pẹ̀lú ìnira. Iná ìdáná wa kì í pa kòkòrò náà.

Ní ti Tom Brown, ìyẹn ìyẹ̀fun ọkà, ẹ̀pà àti sóyà tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀ pọ̀, oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tíì jẹ ẹ̀pà tàbí sóyà rí, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ ọ wò fún ọjọ́ díẹ̀ ná, kí ẹ lè mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀.

Bí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra ọjà bá wà lábẹ́ fídíò, ọjà lẹni náà ń tà. Ẹ má sì fi ọmọ yín wé ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀. Káàdì ìwọ̀n ọmọ ni kí ẹ wò. Ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì fi fídíò náà hàn án.