Bẹ́ ẹ ṣe máa pe ayọ̀ lédè Hébérù láì sọ ọ́ di "símíkà"

Símíkà lèmi náà ń pè é tẹ́lẹ̀ o. Wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, s-i-m-c-h-a, mo sì kà á bójú mi ṣe rí i, obìnrin Júù kan tá a jọ wà níbi iṣẹ́ nígbà yẹn ní kí n tún un pè, mo tún un pè, ẹ̀rín pa á. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá, ó jókòó kọ́ mi. Ohun tó kọ́ mi lẹ fẹ́ kà yìí, pẹ̀lú àwọn ọgbọ́n témi fúnra mi dá kún un torí ẹnu Yorùbá yàtọ̀ sẹ́nu tiẹ̀.

Hébérù ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ síbi ayọ̀. Níbi ìgbéyàwó wọn, wọ́n máa ń gba àdúrà 7 fún tọkọtìyàwó, inú èyí tó kẹ́yìn nìkan, ọ̀rọ̀ ayọ̀ 6 ló wà níbẹ̀: sasson, simcha, gila, rina, ditza àti chedva. Àwọn 6 yẹn ni ká kọ́kọ́ mú.

Hébérù ò ní dò-rè-mí bíi tiwa, àmọ́ wọ́n máa ń tẹ ẹnu mọ́ ibì kan nínú ọ̀rọ̀, ìparí ló sì sábà máa ń jẹ́. Ọgbọ́n mi ni pé mo máa ń fi dò síwájú, mo wá fi mí parí ẹ̀: sìmkhá, sàsón, gìlá, rìná, dìtsá, khèdvá. Ẹ pè wọ́n báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti rìn jìnnà. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ símkhè, tó gbé ohùn síwájú, ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà, àwọn Júù tí bàbá ńlá wọn wá láti Poland àti Rọ́ṣíà ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Wàhálà tó wà nínú simcha, ch inú ẹ̀ tí mo kọ ní kh yẹn ni. Kì í ṣe k, kì í ṣe h, kì í sì í ṣe ch inú church. Ẹ ronú ìgbà tí eegun ẹja bá há yín lọ́fun tẹ́ ẹ wá ń fipá há a jáde, ìró yẹn gan-an ni, àmọ́ kẹ́ ẹ rọra ṣe é. Ẹ gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè bíi pé ẹ fẹ́ pe k, kò wá gbọ́dọ̀ kan òkè ẹnu tán, kí atẹ́gùn ráyè máa há kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé-kéwú kò nílò gbogbo àlàyé yìí, kh inú Sura Ikhlas tí álífáà fi pàṣán kọ́ yín náà ló ṣe. (Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 5 ló máa fi kọ́ yín.) Nǹkan kejì ni pé ẹnu wa ò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì 2 fara kan ara wọn, òun la ṣe sọ bread di búrẹ́dì, òun náà ló bí símíkà. Nítorí náà ẹ pa ètè dé lórí m, kẹ́ ẹ tibẹ̀ bọ́ sórí kh tààrà, ẹ má fi i kankan sáàárín.

Sasson ló dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé torí ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ ṣ wa ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni Hébérù fi ń kọ s àti ṣ, àmì tó wà lórí ẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: tó bá wà lápá òsì, s ni, tó bá wà lápá ọ̀tún, ṣ ni. Ti sasson, òsì ni méjèèjì wà, ẹ má pè é ní ṣaṣon. Ẹ ṣáà rántí pé nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 12, torí ẹni tó pe ṣíbólétì ní síbólétì ni 42,000 ará Éfúráímù fi kú, Ọlọ́run má jẹ́ kí ará Ìbàdàn kankan dé irú ibodè yẹn! N tó gbẹ̀yìn sasson ńkọ́, ẹ má gbé e gba imú, ahọ́n ló gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín kẹ́ ẹ tó dákẹ́.

Chedva lẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí láìmọ̀. Òun ló wà ní Nehemáyà 8:10 tá a máa ń kọ lórin, "ayọ̀ Olúwa ni agbára yín." V inú ẹ̀ la kì í ní, òun la ṣe ní Dáfídì àti Léfì. Ẹ ṣe bíi pé ẹ fẹ́ pe f, eyín lórí ètè ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ọ̀fun máa kùn bí oyin. Ditza, tz ẹ̀ dà bíi zz inú pizza bí Òyìnbó ṣe ń pè é, kì í ṣe písà tiwa. Gila, g inú gígùn ni, kò sí j níbẹ̀. Rina ò le rárá, òun ló wà ní Sáàmù 126:5, àwọn tó fomijé fúnrúgbìn tí wọ́n fi ayọ̀ ka, ayọ̀ tó lariwo nínú ni, tó ń kọrin.

Ó ku sameach, ìyẹn ẹni tínú ẹ̀ ń dùn. Sàméyakh ni, kì í ṣe sàmékhà. Tí lẹ́tà kh yìí bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, a kékeré kan sábà máa ń yọ́ wọlé ṣáájú ẹ̀, bó ṣe wà nínú ruach (ẹ̀mí) náà nìyẹn, táwọn pásítọ̀ wa ń pè ní rúkà, rú-akh ni ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ ọdún, chag sameach ni wọ́n fi ń kíra wọn. Obìnrin ò sì ní sọ pé òun sameach o, smèkhá lòun máa ní.

Osher, ìdùnnú tó fìdí múlẹ̀, ló ṣorí kunkun sí òfin mi, iwájú lohùn ti lọ sókè: óṣèr. Ọrọ̀, ìyẹn owó àti dúkìá, náà ń jẹ́ osher, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló yàtọ̀ nínú ìwé, àmọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ísírẹ́lì lónìí, ìró kan náà ni. Ẹ bi aláwadà Yorùbá bóyá ìyẹn ṣàdédé.

Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ ṣe òun lóore, ẹ lè dáhùn pé bèsìmkhá, pé tayọ̀tayọ̀. Tí Júù bá sì sọ fún yín pé òun ní simcha lọ́jọ́ Sunday, kò sọ pé inú òun máa dùn lọ́jọ́ yẹn o, ìnáwó ló ní, ẹ bèèrè àsìkò. Wọ́n bá jẹun tán, wọ́n jó tán, tẹ́ ẹ fẹ́ máa lọ, bá a ṣe máa ń sọ pé kí Ọlọ́run máa fi ohun ayọ̀ pè wá jọ, tiwọn ni ràk smàkhót.