Bí a ṣe ń ya dátà igi ọ̀gànwó sí àwòrán kí ewu rẹ̀ lè hàn

Bí ọ̀gànwó ńláńlá bá ṣì dúró nínú igbó ọba, ojú lásán á máa rò pé kò séwu. Ọ̀gànwó wà lára àwọn igi tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kà sí èyí tó wà nínú ewu, ṣùgbọ́n kíka iye igi nìkan kì í fi ewu náà hàn tó bí mímọ bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi sí.

Ẹ kọ́kọ́ gba dátà náà dáadáa. Ẹ wọn ìyíká igi kọ̀ọ̀kan ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, níbi tó bá àyà àgbàlagbà dọ́gba. Téèpù télọ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ, nítorí náà ẹ fi okùn yí igi ńlá po, kí ẹ wá na okùn náà lé téèpù. Bí ìdí igi bá fẹ̀ jáde bí ìyẹ́ kọjá mítà 1.3 náà, ẹ wọ̀n ọ́n lókè ibi tí ìyẹ́ náà parí sí, kí ẹ sì kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀. Nínú Excel, igi kan, ìlà kan: ọjọ́, ibi tí GPS fóònù fi hàn, ìyíká, àti ipò èèpo. Ẹ má fo ti èèpo, nítorí àwọn aláàgbo a máa fi àdá bó o, igi tí wọ́n bá sì bó yí ká yóò kú.

Àtẹ oní-ọ̀pá ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn èyí tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ dúró fún iye igi tó wà nínú ìsọ̀rí ìyíká kan. Nínú igbó tó ń bímọ rọ́pò ara rẹ̀, ọ̀pá àwọn igi kéékèèké ló sábà máa ń ga jù, tí àwọn yòókù á sì máa relẹ̀ bí igi ṣe ń tóbi sí i. Bí ibi tó yẹ kí igi kéékèèké wà bá ṣófo, arúgbó nìkan ló kù nínú igbó náà. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yọ àyè òfìfo yẹn kúrò, nítorí òun gan-an ni ìròyìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ padà lọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ igbó, bóyá ẹ ti tẹ ọmọ igi mọ́lẹ̀ kọjá.

Fún máàpù, QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí àmì igi tóbi bí ìyíká rẹ̀ bá ṣe tó, kí àwọ̀ sì ṣókùnkùn sí i bí wọ́n bá ṣe bó èèpo rẹ̀ tó. Pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú àwọn kan, nítorí náà ẹ má fi méjèèjì ṣe ìyàtọ̀. Máàpù tó mú ẹ̀ṣọ́ igbó dé ìdí igi lè mú àwọn tó ń gé gẹdú débẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí gbogbo ayé yóò rí, ẹ pín in sí igun mẹ́rin oníkìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ tọ́jú èyí tó pé pérépéré sọ́dọ̀ ara yín.

Láti ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, ti oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ Àfikún Kejì, tó béèrè ẹ̀rí pé gígé rẹ̀ kò ní pa irú igi náà run kí ìjọba tó fọwọ́ sí títà á sókè òkun. Àtẹ yín lè wà lára ẹ̀rí náà. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti iye igi tí ẹ wọ̀n sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó.