Bí a ṣe ń ṣe ojú-ewé ìrántí ìrìn-àjò sí omi Gurara lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá tó ń gbé Àbújá ló ti lọ wo ìṣàn omi Gurara rí, omi tó ń ya lulẹ̀ láti orí òkúta ní Ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n á gba Zuba àti Madalla, wọ́n á wo Òkúta Zuma, èyí tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, wọ́n á wọ Suleja, wọ́n á sì forí lé ọ̀nà Minna. Tí wọ́n bá padà délé, fọ́tò á ti kún inú fóònù, ẹnì kan á kó díẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, ó tán nìyẹn. Tó bá di ọdún méjì sí i, ta ló fẹ́ rántí ohun tí Màmá sọ nígbà tí ariwo omi náà kọ́kọ́ kọlu etí wọn?

Ojú-ewé ìrántí, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní scrapbook, ni ojú-ewé kan tí fọ́tò, ọ̀rọ̀ àti àwọn nǹkan kéékèèké inú ìrìn-àjò kan jọ wà. Gurara ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ bákan náà lẹ ó ṣe é tó bá jẹ́ Yankari lẹ lọ, tàbí adágún Jabi ní Àbújá níbí.

Ẹ kó fọ́tò jọ ná

Ẹ gba fọ́tò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó yà á. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, torí WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kó tó gbé e lọ. Lórí fóònù ẹ ò ní mọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ojú èèyàn á ṣú. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kí wọ́n gbé e sórí Google Drive.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣà wọ́n. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún ojú-ewé kan. Ẹ mú ọ̀kan tó fi gbogbo omi náà hàn láti òkè délẹ̀, kí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀ níbì kan: omi náà ga tó nǹkan bíi mítà 30, àmọ́ ẹni tí kò débẹ̀ kò lè mọ bó ṣe ga tó àyàfi tó bá rí ọmọ aráyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan tí ojú ẹnì kan hàn dáadáa, tí kì í ṣe pé wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Ẹ mú nǹkan kékeré kan: ìfófó omi, ẹsẹ̀ ọmọ lórí òkúta, kúlà oúnjẹ. Èyí tó kù, ẹ fi mú ojú ọ̀nà.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó lọ

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kí ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ lọ tó parí, ẹ bi oníkálukú ní ìbéèrè kan péré: kí ni kò ní kúrò lọ́kàn rẹ nínú ọjọ́ yẹn? Ẹ kọ ohun tó bá sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Tí ọmọ ọdún márùn-ún bá ní “omi yẹn ń bínú,” ẹ má tún un ṣe. Tí Dádì bá ní tòun ò ju pé mọ́tò ò yọnu lọ́nà, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un: ọjọ́, oṣù àti ọdún, orúkọ àwọn tó lọ, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bí omi náà ṣe kún tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí Gurara ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, omi á kún bo òkúta, á máa ya lulẹ̀ pa pọ̀; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á pín sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òkúta á sì yọ síta. Tí ẹnì kan níbẹ̀ bá sọ ìtàn ibẹ̀ fún yín, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ọdẹ Gbagyi kan tó ń jẹ́ Buba ló kọ́kọ́ rí omi náà, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ ṣí ojú-ewé

Canva, áàpù tí wọ́n fi ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ sójú-ewé, ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń lo fóònù, torí ọ̀fẹ́ ibẹ̀ ti tó. PowerPoint tàbí Google Slides náà dára lórí kọ̀ǹpútà. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba ní íǹṣì 12 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò lókè òkun, àmọ́ A4 ni kẹ́ ẹ mú, torí kò sí ibi ìtẹ̀wé kékeré kan ní Àbújá tí kò ní bébà A4. Ẹ fi nǹkan bí ìdajì íǹṣì sílẹ̀ létí ojú-ewé yíká, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sábà tẹ̀ dé etí.

Ẹ fi fọ́tò ńlá síbẹ̀ kọ́kọ́, kó gba nǹkan bí ìdajì ojú-ewé. Ẹ to àwọn kékeré sápá kan, kí apá kejì ṣófo fún ọ̀rọ̀. Fún àwọ̀, ẹ má wá a kiri: tẹ́ ẹ bá tẹ fọ́tò yín sórí Canva, á kó àwọn àwọ̀ inú rẹ̀ jáde fún yín níbi àwọ̀. Àwọ̀ eérú òkúta fún ẹ̀yìn, àwọ̀ ewé tútù fún àkọlé, ó tó.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti àmì

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà aláràbarà kò mọ Yorùbá. Ẹ óò rí i tí àmì orí ọ̀ á ṣí kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí ṣ di àpótí òfìfo. Kẹ́ ẹ tó yan lẹ́tà kankan, ẹ fi dán an wò: “Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣubú sómi rọ̀ọ̀rọ̀.” Tí gbogbo àmì bá jókòó sáyè wọn, ẹ lò ó. Noto Sans àti Noto Serif máa ń ṣe dáadáa. Láti tẹ àmì lórí fóònù, ẹ lọ sí ètò Gboard (kíbọọ̀dù Google), ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìnira kékeré yìí kọ ọ̀rọ̀ Màmá ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ewé àti ohùn

Tẹ́ ẹ bá mú ewé tó ti já bọ́ fúnra rẹ̀ wálé, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé, kẹ́ ẹ yà á pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láìtan iná fóònù. Ẹ fi sí igun kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ igi náà sábẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Òdòdó àti ìràwọ̀ tó kún inú Canva kò pọn dandan. Kò sí èyí tó wá láti Gurara nínú wọn.

Ohùn omi náà lè wà lórí ojú-ewé. Ẹ gbé ohùn tẹ́ ẹ gbà sórí Google Drive, ẹ ṣí i fún ẹni tó bá ní líǹkì rẹ̀, ẹ sọ líǹkì náà di QR code, ìyẹn àmì onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù lè kà, kẹ́ ẹ sì fi sísàlẹ̀. Màmá àgbà ní Ìbàdàn á gbé fóònù sí i, wọ́n á sì gbọ́ Gurara.

Ẹ fi pamọ́

Ẹ yan PDF Print fún títẹ̀, PNG fún fífi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi PNG náà ránṣẹ́ bíi Document. Ẹ kọ ọdún àti ibi tẹ́ ẹ lọ mọ́ orúkọ fáìlì. Èyí tó ṣì ṣeé tún ṣe nínú Canva, ẹ má pa á rẹ́: tẹ́ ẹ bá padà lọ nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ fọ́tò ìgbà òjò kúrò nínú ẹ̀dà náà, kẹ́ ẹ sì fi ti tuntun sí àyè rẹ̀.