Fáíbà tó ń tún ìfun ẹlòmíì ṣe lè máa ba tiyín jẹ́

Ẹni tí ìfun rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa jẹ fáíbà, ìyẹn apá ewébẹ̀, èso àti ọkà tí ara kò lè dà, láìwo ọ̀tún wo òsì. Tó bá jẹ́ Crohn's tàbí ulcerative colitis, àwọn àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó máa ń mú kí ìfun wú, ló ń bá yín fínra, ẹ dúró ná.

Àṣìṣe tó burú jù ni pé kí àìsàn gbéra sọ, kí èèyàn máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kó wá po ìyẹ̀fun inulin mọ́ omi, kó gbé e mu pé òun ń bọ́ àwọn bakitéríà rere. Oúnjẹ wọn ni lóòótọ́. Inulin àti FOS (fructo-oligosaccharide) wà lára fáíbà tí wọ́n ń pè ní prebiotic: ara wa kò lè dà á, odindi ló ń dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni bakitéríà ti máa ń mú un kan, tí wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké. Ọ̀kan nínú wọn, butyrate, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ìfun ńlá nínú fi ń ṣagbára. Àmọ́ bakitéríà tó ń ṣe butyrate gan-an ló sábà máa ń dín kù lára ẹni tó ní àrùn yìí. Ta ni yóò wá jẹ oúnjẹ tí ẹ gbé kalẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹran ìfun tí wọ́n gé díẹ̀ lára àwọn aláìsàn yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Lára àwọn kan tí àìsàn wọn ń jà lọ́wọ́, fáíbà tí kò rí ẹni jẹ ẹ́ ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara sókè, ìfun sì ń wú sí i. Kì í ṣe gbogbo wọn o, kò sì sí ẹni tó lè fojú lásán mọ ẹgbẹ́ tí òun wà. Àbájáde ìwádìí míì jáde ní 2011, lórí èèyàn 103 tí Crohn's wọn ń jà. Àwọn kan mu FOS gíráàmù 15 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Kò ṣe wọ́n láǹfààní ju àwọn tó mu ìyẹ̀fun lásán lọ. Àwọn tó pa á tì láàárín ọ̀nà ló tilẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Inulin máa ń sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ "chicory root" nínú yúgọ́ọ̀tì àti bisikíìtì tí wọ́n ń polówó pé ó ní fáíbà. Psyllium, fáíbà míì tí wọ́n ń rí lára èèpo irúgbìn, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀: òun máa ń fa omi mọ́ra, bakitéríà kì í sì í tètè mú un kan.

Àwọn míì á bẹ̀rù, wọ́n á lé gbogbo fáíbà kúrò láyé wọn, kódà nígbà tí ara ti rọ̀. Àṣìṣe ni ìyẹn náà. Lára eku tí wọn kò fún ní fáíbà, bakitéríà yíjú sí ikun tó ń dáàbò bo ìfun, wọ́n ń jẹ ẹ́. Àfi ẹni tí ojú ọ̀nà ìfun rẹ̀ ti há: fáíbà líle lè dí i pa, dókítà ni kí ó sọ ohun tí yóò jẹ.

Tí dókítà bá gbà, ẹ má fi odindi ṣíbí ìyẹ̀fun fáíbà bẹ̀rẹ̀. Ààbọ̀ ṣíbí tíì, fún ọjọ́ mélòó kan, láìfi ohun tuntun míì kún un, láìsì dá oògùn yín dúró. Kí inú máa kùn, kí ìsó pọ̀ díẹ̀, ìyẹn kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà, tàbí kí ìgbẹ́ máa jí yín lóru, ẹ má pè é ní "ara mi ṣì ń kọ́ ọ ni." Ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ calprotectin wò nínú ìgbẹ́ yín, òun ló máa ń sọ bóyá ìfun ń wú.