Bí A Ṣe Ń Béèrè fún Ilé Olówó Pọ́ọ́kú Lábẹ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá pín fọ́ọ̀mù ni ìbéèrè fún ilé bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè lórí ilé. Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá jọ ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ tàbí kọ́ ilé fún ara wọn, nítorí náà ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò nínú pásíbúùkù ni bí ẹni náà ṣe ń dá owó déédéé. Ẹni tó dá 5,000 náírà lóṣooṣù fún ọdún méjì láìpa oṣù kankan jẹ sàn lójú wọn ju ẹni tó sáré kó 120,000 náírà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀.

Kí ẹ tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹgbẹ́ tí akọ̀wé rẹ̀ bá ń bínú sí irú ìbéèrè yìí, ẹ kọjá lọ sí òmíràn.

Agbára káká ni ẹgbẹ́ fi máa ń dá gbé owó ilé, ibẹ̀ sì ni owó NHF (National Housing Fund, àpò tí àwọn èèyàn ń dá owó sí kí wọ́n lè yá owó ilé níbẹ̀), tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, ti wúlò. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ń san, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gba 80,000 náírà yóò máa san 2,000. Oníṣòwò tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní Tàkíè tàbí ní Sábó náà lè san án. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó kéré tán, onítọ̀hún lè béèrè fún ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank of Nigeria, báńkì ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó owó náà, ní èlé ìdá 6 lọ́dún, wọ́n sì lè fún un ní ọdún tó tó 30 láti san án padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù kan náírà tí a ó fi 20 ọdún san ní èlé ìdá 6 yóò ná wa ní nǹkan bí 7,164 náírà lóṣooṣù, bí èlé bá jẹ́ ìdá 24, owó oṣooṣù náà yóò lé ní 20,000. Báńkì yìí a tún máa yá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lówó láti kọ́lé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san NHF, bí ìwé ilẹ̀ ẹgbẹ́ bá ti pé. Kí ẹni tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ níbi iṣẹ́ béèrè fún àkọsílẹ̀ owó tó ti wọlé ní báńkì, nítorí pé owó tí wọ́n yọ lè má tíì débẹ̀.

Lórí ìwé ara ẹni, orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Èmi fúnra mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣòfò nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo: “Adewumi” ló wà nínú ìwé owó oṣù mi, “Adewunmi” sì ni wọ́n tẹ̀ sórí NIN. Obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi kan tó sì ń jẹ́ ti bàbá rẹ̀ níbòmíràn yóò bá irú rẹ̀ pàdé, nítorí náà kí ó tètè ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù kí orúkọ rẹ̀ lè bára mu nínú NIN, BVN àti pásíbúùkù.

Ilẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Bí ẹgbẹ́ bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ẹ béèrè bóyá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tó jẹ́ abẹnugan jọ fọwọ́ sí i. Èyí tí ọmọ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá lójú òfin, èyí tí olórí ẹbí sì dá tà láìsí àwọn yòókù, kóòtù lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí ìwé náà: orúkọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti alága.

Nígbà tí ẹ bá wá gba fọ́ọ̀mù, owó oṣooṣù tí ẹ kọ pé ẹ lè san kò yẹ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún yín. Àwọn méjì tó máa ṣe onídùúró gbọ́dọ̀ mọ iye tí wọ́n ń dúró fún, kí ó má baà di ìjà nígbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fún yín ní ilé, ẹ má ṣe gba kọ́kọ́rọ́ àti rìsíìtì nìkan. Ẹ gba ìwé àdéhùn tó gbé ilẹ̀ àti ilé sí orúkọ yín. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹ gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ẹ sì ti kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ léèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀.