Ṣé ìpè ni àbí o kàn fẹ́ sá? Bó o ṣe lè yẹ ọkàn ẹ wò kó o tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Tó o bá jẹ́ Kristẹni, tó o ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tó ò ń ṣe ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó o tó dé ibẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti máa sọ sí ẹ lọ́kàn pé bóyá Ọlọ́run fẹ́ kó o kúrò níbẹ̀ lọ ṣe nǹkan míì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ o. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn ti sú ẹ ni. Àwọn méjèèjì jọra gan-an, pàápàá láago méjìlá òru, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. (Tẹ́ ẹ bá jù mí lọ, ẹ má bínú sí "o, o" tí mò ń lò, bí mo ṣe máa ń bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.)

Èmi náà ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lóru rí. Ọ̀gá mi ló bú mi níwájú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, lórí àṣìṣe tí kì í ṣe tèmi, ni mo bá délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ gbuurugbu pé Ọlọ́run ń pè mí sí iṣẹ́ míì. Iṣẹ́ wo? Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ìlà mẹ́ta péré ló kan Ọlọ́run níbẹ̀, ọ̀gá mi ló ni gbogbo ìyókù. Mi ò fi ránṣẹ́.

Torí náà kó o tó ṣe ohunkóhun, mú bébà kan, bébà gidi o, torí tó o bá ṣí fóònù báyìí ibòmíì lo máa bá ara ẹ. Fa ìlà sí àárín ẹ̀. Lápá kan, kọ gbogbo ohun tó ò ń sá fún: ọ̀gá, owó tí ò tó, iṣẹ́ tí ò yé ẹ dáadáa, ojú tó ń tì ẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti lọ jìnnà. Lápá kejì, kọ ohun tó ò ń lọ bá, kó o sì kọ ọ́ bí ohun téèyàn lè fojú rí: àwọn wo lo fẹ́ ṣe é fún, kí ni wàá máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, kí ló máa yí padà fún wọn tó o bá ṣe é fún ọdún kan. "Mo fẹ́ sin Ọlọ́run" ò tíì tó, o lè sìn ín níbi tó o jókòó sí yẹn. Tí apá àkọ́kọ́ bá kún dẹ́nu tí apá kejì sì ṣófo, fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà bi ara ẹ léèrè yìí: ká ní wọ́n fi kún owó oṣù mi lọ́la, tí wọ́n tún gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ẹ̀ka míì, ṣé nǹkan tó wà lápá kejì yìí á ṣì máa jí mi lójú oorun?

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni téèyàn bá sá o. Tí wọ́n bá ń ní kó o yí ìwé owó, tàbí tẹ́nì kan níbẹ̀ ń fọwọ́ kàn ẹ́ lọ́nà tí ò tọ́, sá jàre. Jósẹ́fù fi aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó Pọ́tífárì ni, ó bẹ́sẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò ní kí wọ́n jọ gbàdúrà sí i ná. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó bá jẹ́ sísá lo fẹ́ sá, sọ pé o fẹ́ sá, wá iṣẹ́ míì, kó o má sì fi orúkọ Ọlọ́run bò ó, torí tí ibi tuntun náà bá tún le, Ọlọ́run lo máa wá bá jà.

Ọ̀rọ̀ ìpè yìí fúnra ẹ̀ tún ti da ọ̀pọ̀ wa láàmú torí bá a ṣe gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹni tí wọ́n bá pè, á di pásítọ̀ tàbí míṣọ́nnárì, àwa tó kù kàn ń ṣiṣẹ́ ká lè rówó dá ni. Wo Ẹ́kísódù orí 31, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí ẹ̀ kún Bẹ́sálẹ́lì, kí ló sì fi ṣe? Ó fi ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, ó fi gbẹ́ igi, ó fi gé òkúta. Ọ̀rọ̀ tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì, lò fún ìpè lédè Jámánì, Beruf, òun náà làwọn ará Jámánì ń lò fún iṣẹ́ òòjọ́ títí dòní. Pọ́ọ̀lù náà sọ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 pé kí kálukú dúró ní ipò tó wà nígbà tí wọ́n pè é, àmọ́ ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ló ti sọ fún ẹrú pé tó bá lè dòmìnira, kó lo àǹfààní yẹn. Mo fẹ́ràn pé ó fi méjèèjì síbẹ̀, torí àwọn tó ń wàásù ẹ̀ sábà máa ń mú èyí tó wù wọ́n.

Tó o bá ti wá rí i pé nǹkan kan wà lápá kejì bébà ẹ lóòótọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kékeré, kó o má tíì kúrò níbi tó o wà. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lo fẹ́ máa gbà nímọ̀ràn, gba ẹni méjì. Tó bá jẹ́ ìwé lo fẹ́ máa kọ, kọ ojú ìwé kan ní gbogbo Sátidé. Tèmi jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún, oṣù àkọ́kọ́ dùn bí oyin, mo ti ń rí ara mi níwájú èrò tí mò ń jẹ́rìí, ìgbà tó di oṣù kẹta ọmọ kan ṣoṣo ló wá, kò sì rántí lẹ́tà kankan nínú èyí tá a kọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì ń wo aago. Oṣù kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì. Tó bá sú ẹ tán, tó ò rí ìyìn kankan, tó o tún padà lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnì kan fipá mú ẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, fi déètì sí i. Tó ò bá padà lọ, ìyẹn náà dáa, o ti mọ̀ láìpàdánù owó oṣù ẹ.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Nehemáyà, Júù tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Páṣíà, gbọ́ lóṣù Kísílẹ́fì àwọn Júù pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, oṣù Nísàn ló tó sọ fún ọba pé òun fẹ́ lọ tún un kọ́, nǹkan bí oṣù mẹ́rin nìyẹn, àdúrà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọba bi í pé ìgbà wo ló máa padà, ó dá ìgbà fún un lójú ẹsẹ̀, ó béèrè lẹ́tà sáwọn gómìnà, ó tún béèrè igi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba. Ẹni tó ti jókòó ṣírò nǹkan nìyẹn. Ìwọ náà, kọ gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ ẹ fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹ̀, tó fi mọ́ dátà, ìdá mẹ́wàá, àti èyí tó o fi ránṣẹ́ sílé. San gbèsè tó ń bí èlé kó o tó lọ. Lẹ́yìn náà, èyí ni mo fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà jù: wádìí iye tí iṣẹ́ tuntun yẹn lè mú wọlé, kó o wá máa fi iye yẹn nìkan gbọ́ bùkátà ẹ fún oṣù méjì nígbà tí owó oṣù àtijọ́ ṣì ń wọlé, kó o tọ́jú ìyókù. Oṣù méjì yẹn á sọ òótọ́ fún ẹ ju ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan lọ (gbààwẹ̀ ṣá o, mi ò ní kó o má gbà á). Ní tèmi, owó tó lè gbé ẹ fún oṣù mẹ́fà ló yẹ kó wà nílẹ̀, tó bá jẹ́ ìwọ lò ń bọ́ àwọn kan, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́nì kan bá ní ìgbàgbọ́ kékeré nìyẹn, rán an létí Pọ́ọ̀lù. Ní Kọ́ríńtì, ó ń pa àgọ́ pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, ó ń lọ sí sínágọ́gù ní gbogbo ọjọ́ Sábáàtì, ìgbà tí Sílà àti Tímótì dé láti Makedóníà ló tó gbájú mọ́ ìwàásù pátápátá, òun fúnra ẹ̀ sì sọ nínú lẹ́tà kejì tó kọ sí wọn pé àwọn ará tó wá láti Makedóníà ló pèsè ohun tóun nílò. William Carey tó ń ṣe bàtà kó tó di ajíhìnrere lọ sí Íńdíà ní 1793, owó tán, ó ní láti gbaṣẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń ṣe aró ẹ̀lú, ìparí ọdún 1800 ló sì tó rí ará Íńdíà àkọ́kọ́ tó ṣèrìbọmi fún.

Àwọn tó yẹ kó o bá sọ̀rọ̀ ò pọ̀. Wá ẹni tó mọ̀ ẹ́ dáadáa débi tó lè sọ fún ẹ pé irọ́ lò ń pa. Wá ẹni tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kó o bi í pé kí ló sú u nínú ẹ̀, kì í ṣe kí ló dùn mọ́ ọn. Pásítọ̀ ẹ náà, tó bá jẹ́ ẹni tó lè sọ pé "rárá". Àwọn òbí ẹ ńkọ́? Tètè sọ fún wọn, kó o má dúró dìgbà tó o bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ máa pariwo, kí wọ́n pariwo nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Tí ẹnì kan bá sì ríran sí ẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o sì máa bá gbogbo ìyókù lọ. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Ágábù sọ fún Pọ́ọ̀lù pé wọ́n máa dè é ní Jerúsálẹ́mù, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, Pọ́ọ̀lù sì lọ. Ìran yẹn ò bá a pinnu. Jọ̀ọ́ má sì ṣe irun àgùntàn tí Gídíónì fi béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún mi, kó o máa sọ pé tí fóònù bá dún kí aago mẹ́ta tó lù, Ọlọ́run ló sọ pé kí n lọ. Gídíónì ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kó ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó lè pẹ́ o, kí n má tàn ẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tó lá àlá, ó pé 30 kó tó dúró níwájú Fáráò. Dáfídì, wọ́n da òróró sí i lórí tán, ó padà sídìí àgùntàn. Láàárín ìgbà yẹn ṣiṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ dáadáa, ó kéré tán torí pé ọ̀gá yẹn náà ni wọ́n máa pè tí ibi tuntun bá ń wádìí nípa ẹ.

Ọjọ́ tó o bá wá fẹ́ lọ, lọ bí ọmọlúàbí. Èlíṣà se ẹran màlúù tó fi ń túlẹ̀, ó fún àwọn èèyàn jẹ, ó ní kí Èlíjà tó wá pè é jẹ́ kóun lọ fẹnu ko bàbá àti ìyá òun lẹ́nu. Tìẹ ò ní le tó bẹ́ẹ̀. Dúró pé iye ọjọ́ tí ìwé àdéhùn ní kó o fi sọ tẹ́lẹ̀, kọ gbogbo ohun tí ẹni tó máa rọ́pò ẹ nílò sílẹ̀, má kó fáìlì wọn lọ, má sì jẹ́ kí lẹ́tà ẹ di ìwàásù. Èmi lo ọdún méjì sí i lẹ́yìn òru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kí n tó lọ. Lẹ́tà tí mo wá kọ ò ju ìlà mẹ́rin lọ: déètì, ọjọ́ tí mo máa lò kẹ́yìn, ẹ ṣeun, orúkọ mi. Ọ̀gá mi kà á, ó gbójú sókè, ó ní ṣé mo ń bínú sóun ni. Mo ní rárá, mo sì tún ronú wò ó lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń lọ sílé, bóyá irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe irọ́.