Bí mo ṣe fi ọwọ́ gbígbọ̀n wa bàálù rìmóòtù ní ìlú Ìyàrá

Ọwọ́ gbígbọ̀n kọ́ ló ń sọ bàálù kékeré lulẹ̀. Ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá rí i pé ọwọ́ ń gbọ̀n ló ń sọ ọ́ lulẹ̀. A ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá rìmóòtù bí adẹ́mu ṣe ń rọ̀ mọ́ igbà, imú bàálù yóò tẹ̀ díẹ̀, a ó fà á sókè, a ó fà á jù, a ó tún tì í sílẹ̀, títí bàálù yóò fi máa jó lókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Kò sí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Gbígbọ̀n tó wà lára gbogbo ọwọ́ máa ń wáyé bí ìgbà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bàálù tó wọn giramu 850 kò lè yára tó ìyẹn: kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ọ̀tún, ọwọ́ ti padà sí òsì. Ohun tí bàálù ń gbọ́ ni títì ńlá tó pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìpayà ló sì ń bí irú títì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo ṣe lórí pápá kan lẹ́bàá Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogí, nígbà ọyẹ́ dá lórí bí títì ńlá kò ṣe ní í rọrùn, àti bí ìfọwọ́sílẹ̀ yóò ṣe rọrùn. Òwúrọ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, ìfò mẹ́wàá. Ọwọ́ gbọ̀n nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bàálù kò fọ́.

Kí n tó tan mọ́tọ̀ rárá, mo kọ́kọ́ wọn bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n tó. Rìmóòtù tó ń lo EdgeTX (ètò kọ̀ǹpútà inú rìmóòtù) ní ojú-ewé kan tó ń fi nọ́ńbà ọ̀pá kọ̀ọ̀kan hàn, láti -100 dé 100. Mo yọ fáànù iwájú bàálù kúrò, mo dúró, mo gbé rìmóòtù lọ́wọ́ lásán, mo fi orí àtàǹpàkò nìkan ti ọ̀pá ọ̀tún dé 20, mo sì ní kí n dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Nọ́ńbà ń sáré láti 15 sí 25. Mo wá fi okùn gbé rìmóòtù kọ́ ọrùn, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú ọ̀pá náà bí ẹni mú abẹ́rẹ́, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lẹ ẹ̀gbẹ́. Ó kù sí àárín 18 sí 22. Ohun tó fà á ni pé iṣan tó ń gbé ẹrù máa ń gbọ̀n ju iṣan tó sinmi lọ. Nígbà tí okùn bá gba ẹrù rìmóòtù, ìka kò ní iṣẹ́ méjì mọ́.

Okùn ọrùn nìkan ṣì máa ń jẹ́ kí rìmóòtù yí. Mo ní kí káfíńtà gé pílàìwúùdù kan, sẹ̀ǹtímítà 40 ní 30, nínípọn rẹ̀ mílímítà 6, kí ó gé àárín rẹ̀ kí rìmóòtù lè jókòó sínú rẹ̀, mo sì so okùn méjì mọ́ ọn tí ó gba orí èjìká kọjá. Ibi tí ọrùn ọwọ́ yóò sùn lé, mo gé ẹsẹ̀ sálúbàtà rọ́bà àtijọ́ kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹwà rẹ̀ lọ: bí pátákó bá rẹlẹ̀ jù, ọrùn ọwọ́ yóò tẹ̀, ìka yóò sì ti rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ sùn gbalaja, kí ó jẹ́ pé ìka nìkan ló ń rìn.

Lẹ́yìn rìmóòtù, lábẹ́ rọ́bà, skúrù wà tó ń mú sípíríǹgì ọ̀pá le tàbí kó rọ̀. Mo mú ti aileron (etí apá tó ń mú bàálù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́) àti ti elevator (etí ìrù tó ń gbé imú sókè-sódò) le ní ìdajì ìyípo. Ìdí ni pé mo fẹ́ kí ọ̀pá máa padà sáàárín fúnra rẹ̀ bí mo bá fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mú un le jù yóò máa fi agbára tì í, agbára yẹn náà yóò sì mú ọwọ́ gbọ̀n sí i. Mo kọ́kọ́ yí i ní ìyípo kan gbáko, mo sì rí i pé nọ́ńbà tún padà sí 16 àti 24, ni mo fi dá a padà.

Expo, ètò kan nínú rìmóòtù, ló kàn. Òun ni ó ń mú kí àárín ọ̀pá rọ̀ láìdín ìparí rẹ̀ kù. Lórí EdgeTX, bí expo bá jẹ́ 35, títi ọ̀pá dé 20 yóò fún bàálù ní nǹkan bí 13, títì dé 5 yóò fún un ní 3 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n 100 ṣì jẹ́ 100. Gbígbọ̀n àárín ti dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn. Ẹ má kọjá 50. Ohun tí expo gbà kúrò láàárín, ó ń dá a padà sí ìparí ni: ẹni tó bá fẹ́ yí gidi yóò rí i pé bàálù kò gbọ́, kò gbọ́, ó wá gbọ́ lójijì. Ẹ sì ṣọ́ àmì iwájú nọ́ńbà. Lórí rìmóòtù Spektrum àti ti EdgeTX, nọ́ńbà tí kò ní àmì ìyọkúrò ló ń mú ọ̀pá rọ̀; lórí rìmóòtù Futaba, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni. Ẹni tó bá ṣì í ti sọ ọwọ́ gbígbọ̀n di ìlọ́po. Mo tún fi dual rate, ètò tó ń dín gbogbo ìrìn ọ̀pá kù, sórí súìsì kan: ìsàlẹ̀ 60, òkè 100. Orí 60 ni mo ti gbéra nínú gbogbo ìfò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. N kò fi expo sórí throttle, ọ̀pá tó ń fún mọ́tọ̀ níná.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń di ẹ̀bi bàálù lé ọwọ́ lórí. Bí ihò tí wáyà elevator kọjá nínú rẹ̀ bá ti fẹ̀, ìrù yóò máa mì fúnra rẹ̀, ẹni tó ń wa á yóò sì máa rò pé òun ló ń mì í. Mo fi ìka méjì di etí elevator mú, mo mì í: bí ó bá ń mì ju mílímítà kan lọ láìjẹ́ pé servo (mọ́tọ̀ kékeré tó ń fa wáyà náà) yí, mo máa ń pààrọ̀ wáyà tàbí kí n fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ dí ihò kí n tún un lu. Lẹ́yìn náà ni mo gbé wáyà sínú ihò tó sún mọ́ àárín jù lára apá servo, àti ihò tó jìnnà jù lára ìwo elevator. Èyí ń dín ìrìn rẹ̀ kù láti orísun, ó sì sàn ju kí a máa fi rìmóòtù nìkan dín in kù, nítorí servo ṣì ń lo gbogbo ìrìn tirẹ̀, ìmìtìtì ihò náà sì ń kéré sí i. Elevator ń lọ mílímítà 8 sókè, 8 sísàlẹ̀. Aileron, mílímítà 10.

Ibi tí ẹrù bàálù dúró sí ló tún kù. Apá rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà mo fi ìka méjì gbé e sókè lábẹ́ apá, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀yìn etí iwájú, mo sì ń ti bátìrì síwájú títí imú fi tẹ̀ díẹ̀. Bátìrì LiPo 3S (abala mẹ́ta), 2200 mAh, ni. Wíwúwo rẹ̀ ló mú kó rọrùn láti fi tún ìdúró ṣe. Bàálù tí ìdí rẹ̀ wúwo kò ṣeé fọwọ́ sílẹ̀ fún. Gbígbọ̀n kékeré tí kò yẹ kó gbọ́, yóò gbọ́ ọ.

Ìpayà tún máa ń ti ara èrò wá. Bí ènìyàn bá ń wòye bóyá àwọn ọdẹ yóò yọ láti inú igbó wá béèrè ohun tó ń fò, ọwọ́ kò ní í balẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ni ìyọ̀ǹda fífo ohun tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀ wà, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò ìjọba àpapọ̀ náà sì lọ́wọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ìyẹn ṣáájú. Ti ilé ni pé kí a kí àwọn ìjòyè àdúgbò àti àwọn fijilanté lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí a gbé bàálù náà hàn wọ́n kí wọ́n fọwọ́ kàn án. “Ọ̀kún o” kan, bí a ṣe ń kíni níbí, pẹ̀lú àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún sàn ju kí a máa ṣàlàyé lórí pápá pẹ̀lú bàálù lókè. Àwọn ọmọdé yóò wá dájú. Mo fa ìlà kan sílẹ̀ ní mítà 20 lẹ́yìn mi, mo sì ní kí àgbà kan bá mi dúró tì wọ́n.

Aago méje kọjá díẹ̀ ni mo máa ń gbéra, mo sì ń palẹ̀ mọ́ kí mẹ́sàn-án tó lù. Ilẹ̀ wa kún fún àpáta. Bí oòrùn bá ti gbóná sí wọn lára, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ru sókè, bàálù á sì máa fò sókè-sódò láìjẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, ibẹ̀ ni a kọjú sí láti gbéra. Etí pápá tó wà ní ìlà-oòrùn ni mo dúró sí kí oòrùn lè wà lẹ́yìn mi. Bí kùrukùru ọyẹ́ kò bá jẹ́ kí n rí igi tó wà ní mítà 500 kedere, n kò fò. Mo fi téèpù dúdú bo abẹ́ apá òsì nìkan, kí ojú lè mọ ibi tó kọjú sí.

Ní ti ara, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní wákàtí kan ṣáájú. Ebi ń mú ọwọ́ gbọ̀n. N kò jẹ obì láti ìrọ̀lẹ́, n kò sì mu kọfí, bí a tilẹ̀ ń gbìn ín nítòsí. Káféènì wà nínú méjèèjì. Ọwọ́ tútù ìdájí ọyẹ́ náà ń le gan-an, mo máa ń fi í sábẹ́ abíyá fún ìṣẹ́jú méjì. Kí n tó gbéra, mo ń di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, kí n tú u, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n wá mí sínú fún kíkà 4, kí n mí síta fún kíkà 6, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ fée tí a ń fà símú yẹ kó mọ̀ pé ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀, kó má sì torí ìyẹn pa oògùn rẹ̀ tì. Propranolol tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísì fún ìpayà, ẹ má fọwọ́ kàn án láìsí dókítà. Ó léwu fún oníkọ́ fée. Ọwọ́ tó bá sì ń gbọ̀n nígbà tó sùn lórí itan, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Olùrànlọ́wọ́ ló ju bàálù, mo fún un níná dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kò kàn án, títí ó fi lọ mítà 10. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣàṣìṣe nìyí: bàálù kò tíì ní eré, wọ́n ti fà á sókè, apá kan á sì rọ́ wálẹ̀. Mo gbé e gòkè dé ìlọ́po mẹ́ta gíga ọ̀pẹ àgbà, mo dín iná kù sí ìdajì, mo wá fi ọ̀pá ọ̀tún sílẹ̀ pátápátá, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá tẹ̀ sí òsì, mo tẹ trim (bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ń tún àárín rẹ̀ ṣe) sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, mo tún fi í sílẹ̀. Ní ìfò kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ gbọnrangandan. Láti ìgbà yẹn lọ, nígbàkígbà tí ọwọ́ bá gbọ̀n, ohun kan náà ni mo ń ṣe: iná sí ìdajì, fi ọ̀pá sílẹ̀, ka ẹ̀ta. Apá bàálù náà gbé ṣóńṣó sókè díẹ̀, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ju bí mo ṣe lè tún un ṣe lọ. Nígbà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi tí ọ̀tún di òsì, mo ń ti ọ̀pá sí ìhà apá tó bá tẹ̀. Kò gba ìrònú.

Ibi bíbalẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n jù, mo sì rò pé iye bátìrì tó kù ló ń dẹ́rù bani ju ilẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 5 ni mo fi sí aago rìmóòtù. Nígbà tó bá dún, bátìrì tó kù ṣì tó ìgbìyànjú mẹ́ta. Ìgbìyànjú kìíní, mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé n kò ní í balẹ̀: mo ń sọ̀kalẹ̀ dé mítà 5, mo fún un níná, mo tún gòkè. Nígbà tí ọkàn mọ̀ pé kò sí bíbalẹ̀, ọwọ́ dákẹ́, ojú sì rí ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gba ọ̀nà kan náà: láti mítà 60 sí ẹ̀yìn, gíga mítà 10, iná ìdá kan nínú mẹ́rin, imú kọjú sí afẹ́fẹ́. Bí imú bá yà ju díẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀, n kò tún un ṣe níbẹ̀, mo tún gòkè ni. Bí ó bá tọ́, mo pa iná nígbà tó bá wà ní gíga àyà mi, mo fa elevator díẹ̀díẹ̀, koríko gbà á. Bí apá bá rọ́ lójijì lókè, aileron yóò mú un burú sí i. Imú sílẹ̀, iná sókè, kí a tó tún apá ṣe.

Bátìrì máa ń kù bíi fóltì (volt) 3.8 ní abala kọ̀ọ̀kan, èyí sì bá ìwọ̀n ìpamọ́ mu, n kò ní láti tún un fọwọ́ kàn títí òwúrọ̀ tó kàn. Ní ìfò kẹwàá ni mo dín expo kù láti 35 sí 30. Súìsì ṣì wà lórí 60.